Kọ̀ǹpútà pè é ní dehydrogenase: ṣé iṣẹ́ ẹ́ńsáìmù náà ti dájú nìyẹn?

Ìbéèrè tó wọlé

Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń ṣe Masters ní Mainland níbí. Inú ẹrẹ̀ etí ọ̀sà lápá Oko Bàbá, Ebúté Mẹ́ta, níbi tí lẹ́búlẹ́bú pákó ti dà pọ̀ mọ́ omi láti ọjọ́ gbọ́nhan, la ti rí bakitéríà kan. A ti ka DNA rẹ̀ látòkè délẹ̀. Jíìnì kan wà nínú rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣiṣẹ́ lé lórí. Kọ̀ǹpútà kọ "dehydrogenase" sí i lára. Ọ̀gá mi ní kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé àṣekágbá mi, kí n máa lọ. Ọkàn mi ò gbà á. Ṣé ó burú tí mo bá kọ ọ́? Tó bá sì burú, ṣé a lè rí iṣẹ́ tí ẹ́ńsáìmù yìí ń ṣe gan-an ní Èkó níbí, pẹ̀lú irú iná tí a ní yìí, láìdi nǹkan ránṣẹ́ sókè òkun?

*

Àbúrò, kọ ọ́ pé ó jọ dehydrogenase, kò sẹ́ni tí yóò bá ọ jà. Kọ ọ́ pé dehydrogenase báyìí báyìí ni, bí ẹni tó ti rí i lójú, ìyẹn ni èmi ò ní bá ọ lọ́wọ́ sí.

Kí ni kọ̀ǹpútà ṣe? Ó gbé lẹ́tà jíìnì rẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àwọn tó ti wà nílẹ̀, ó rí i pé wọ́n jọra, ó fi orúkọ ti tẹ́lẹ̀ pe tìrẹ. Ìdílé ló sọ fún ọ. Púpọ̀ nínú ẹ́ńsáìmù ìdílé yìí ló máa ń já háídírójìn gbà lára nǹkan kan, tí wọ́n á gbé e fún NAD tàbí NADP, àwọn èròjà kékeré tó ń bá sẹ́ẹ̀lì gbé háídírójìn kiri. Lára kí ni? Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà. Ó lè jẹ́ ọtí, ó lè jẹ́ ṣúgà, ó lè jẹ́ nǹkan tí kò sẹ́ni tó tíì rò ó rí.

Ní 2009, Alexandra Schnoes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tú ẹbí ẹ́ńsáìmù ńlá mẹ́fà yẹ̀ wò nínú àwọn àkójọ jíìnì àti purotéènì tí gbogbo wa ń lò. Nínú Swiss-Prot, tí ọmọ ènìyàn ń fi ojú ara rẹ̀ yẹ̀ wò, orúkọ tí kò tọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Nínú GenBank NR, TrEMBL àti KEGG, ó wà láàárín 5% sí 63%, bí ẹbí kọ̀ọ̀kan bá ṣe rí. Bí ẹ̀dà ṣe ń bí ẹ̀dà nìyẹn. Bí o bá kọ tìrẹ sílẹ̀ láìdán an wò, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn á dà á kọ láti ọ̀dọ̀ rẹ, á sì sọ pé láti Èkó ni ẹ̀rí ti wá.

Má sì jẹ́ kí ojú tì ọ́ pé o kò mọ iṣẹ́ jíìnì kan. E. coli K-12, bakitéríà tí gbogbo láàbù ayé ń lò, nígbà tí wọ́n tẹ jínóòmù rẹ̀, ìyẹn gbogbo DNA rẹ̀, jáde ní 1997, jíìnì 4,288 ni wọ́n kà, nǹkan bíi 38% nínú wọn ni kò ní iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni lè tọ́ka sí. Ní 2016, wọ́n kọ́ bakitéríà kan tí jíìnì rẹ̀ kò ju 473 lọ, èyí tí kò lè yè bí wọ́n bá tún dín in kù. Nínú 473 yẹn, 149 ni wọn kò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe gan-an.

*

Èsì ti pọ̀ láti àná, mo sì ti kà wọ́n. Ohun mẹ́ta ni ẹ ń sọ.

Àwọn kan ní kí àbúrò yìí lọ sí AlphaFold, níbi tí kọ̀ǹpútà ti ń ya àwòrán bí purotéènì ṣe máa rí. Ó dáa, kó lọ. Àkójọ yẹn jáde ní 2021, nígbà tó fi máa di ọdún kejì, àwòrán purotéènì inú rẹ̀ ti lé ní mílíọ̀nù 200, wọn ò sì ṣàdédé fún Demis Hassabis àti John Jumper ní ẹ̀bùn Nobel ní 2024. Wàá rí ihò tí iṣẹ́ ti ń ṣẹlẹ̀. Wàá rí ibi tí NAD ń jókòó sí. Ẹni tó ń wọlé wá bá NAD níbẹ̀ ni àwòrán kò ní fi hàn ọ́. Mo ti rí ẹni tó fi oríṣiríṣi èròjà há ihò kan náà lórí kọ̀ǹpútà, tí gbogbo wọn sì bá a mu rẹ́gí.

Àwọn mìíràn ní kó kó gbogbo ìgò inú kọ́bọ́ọ̀dù láàbù jáde, kó dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ni ohun tí àwọn tó ṣáájú rẹ rà fún iṣẹ́ tiwọn. Kí ló kan bakitéríà Oko Bàbá nínú ìyẹn?

Àwọn tó kù ní kó di í ránṣẹ́ sí òkè òkun. Èmi ò lòdì sí i, mass spectrometer, ẹ̀rọ tó ń fi ìwúwo dá èròjà mọ̀, kì í ṣe ohun tí gbogbo láàbù ní. Ṣùgbọ́n ìbéèrè wo lo fẹ́ dì sínú páálí? Bí o kò bá mọ nǹkan tó o fẹ́ kí wọ́n wò, nọ́ńbà jàntìrẹrẹ ni wọ́n á fi ránṣẹ́ padà, wàá sì tún máa wá ẹni tí yóò kà á fún ọ.

*

Ẹnì kan bínú sí mi nítorí ọ̀rọ̀ kọ́bọ́ọ̀dù. Ó ní bí ẹ́ńsáìmù bá ti yí nǹkan padà nínú túùbù, tí a wọ̀n ọ́n, tí ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì, kí ni mo tún ń wá? Ẹ jẹ́ kí n sọ ti YihU fún un, torí ìtàn yẹn ló kọ́ mi ní ohun tí mò ń sọ yìí.

Nínú E. coli, jíìnì tí wọ́n kò bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n máa ń fún lórúkọ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú y. YihU jẹ́ ọ̀kan. Ní 2009, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Keio ní Japan tẹ iṣẹ́ wọn lórí rẹ̀ jáde: wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń wọn èròjà ṣọ́ ohun tí ẹ́ńsáìmù náà ń jẹ, wọ́n rí i pé ó ń sọ succinic semialdehyde di hydroxybutyrate. Iṣẹ́ tó mọ́ ni, kò lábùkù. Ẹni tó bá wo túùbù wọn á gbà fún wọn.

Ní 2014, àwọn ará Konstanz ní Jámánì, Karin Denger, David Schleheck àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, gba ọ̀nà mìíràn yọ. Wọ́n fún E. coli ní sulfoquinovose nìkan jẹ. Ṣúgà ni èyí, ó jọ glucose, àfi pé imí ọjọ́ wà lára rẹ̀. Ara ọ̀rá inú ewé, níbi tí ewé ti ń fi oòrùn ṣe oúnjẹ, ló wà. Kò sí tẹ̀tẹ̀, kò sí ewédú, kò sí ṣọkọ tí kò ní in. Wọ́n fojú bù ú pé ewéko ayé ń ṣe tó bílíọ̀nù 10 tọ́ọ̀nù rẹ̀ lọ́dún. E. coli jẹ ẹ́, ó sì dàgbà. Wọ́n wá wo àwọn purotéènì tó yọjú nígbà tó ń jẹ ẹ́, tí kì í yọjú nígbà tó bá ń jẹ glucose. Àwọn ọmọ yih ni, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn lórí DNA. YihS á yí ṣúgà náà padà, YihV á fi fọ́sífétì sí i, YihT á gé e sí méjì. Ìlàjì kan ni sẹ́ẹ̀lì ń jẹ. Ìlàjì kejì, tí imí ọjọ́ wà lára rẹ̀, sulfolactaldehyde, YihU ló ń gbà á, tó ń sọ ọ́ di ohun tí bakitéríà lè tì síta.

Ta ló purọ́ nínú àwọn méjèèjì? Kò sẹ́ni tó purọ́. Àwọn ti 2009 rí ohun tí YihU lè ṣe. Àwọn ti 2014 rí ohun tó jí sẹ́ẹ̀lì náà pè é fún. Ohun tí mò ń bá gbogbo yín jà lé lórí kò ju ìyẹn lọ: iṣẹ́ ẹ́ńsáìmù ni ohun tí sẹ́ẹ̀lì kò ní rí ṣe mọ́ bí o bá yọ ọ́ kúrò. Bí túùbù bá gbà, tí sẹ́ẹ̀lì kò tíì jẹ́rìí, ìdajì ọ̀rọ̀ lo mú wá.

*

Kí àbúrò wo àdúgbò jíìnì rẹ̀ kó tó ra ohunkóhun. Bí o bá dé Ládípọ̀ ní Mọ́ṣìn, tó o rí ṣọ́ọ̀bù tí kò ní pátákó, tó jẹ́ pé bùréèkì ni gbogbo ìlà yẹn ń tà lọ́tùn-ún lósì, o ò ní lọ béèrè gíláàsì ọkọ̀ níbẹ̀. Bakitéríà máa ń to àwọn jíìnì tó ń bá ara wọn ṣiṣẹ́ sójú kan, ẹnu ọ̀nà kan náà ni wọ́n sì máa ń gbà jí sí iṣẹ́. Kì í ṣe ìgbà gbogbo o, ṣùgbọ́n ìwòye tí kò ní ná ọ ní kọ́bọ̀ ni.

Ó ti dáhùn. Ó ní:

*Àǹtí, mo ti wò ó. Lápá ọ̀tún rẹ̀ ni kinase kan àti aldolase kan wà. Lápá òsì ni purotéènì tó ń gbé nǹkan wọlé, àti repressor kan. Mo tún wò ó nínú àwọn bakitéríà mìíràn tó sún mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe tò.*

Ó tán! Wo àwọn ẹni tí ó bá jókòó. Ẹnìkan ń gbé nǹkan wọlé, ẹnìkan ń já háídírójìn gbà lára rẹ̀, kinase ń fi fọ́sífétì sí i, aldolase ń gé e sí méjì, repressor sì ń ṣọ́ ilẹ̀kùn kí wọ́n má bàa ṣiṣẹ́ nígbà tí ohun náà kò sí. Ṣúgà ni, tàbí ọtí ṣúgà bíi mannitol. Kọ̀ǹpútà ló fún àwọn aládùúgbò náà lórúkọ, nítorí náà má fi ẹ̀jẹ̀ búra. Ṣùgbọ́n o ti ní ìbéèrè tó ṣeé béèrè wàyí.

Igi ni oúnjẹ ibi tó ti wá. Igi tó bá ń jẹrà máa ń tú xylose, arabinose, mannose àti galactose sílẹ̀. Fi àwọn yẹn sórí ìwé rẹ, fi mannitol, sorbitol, galactitol àti ribitol kún un. Po omi oníyọ̀ tí kò ní oúnjẹ kankan nínú, fi ṣúgà kan ṣoṣo sínú ìgò kọ̀ọ̀kan, fi ìgò kan sílẹ̀ tí kò ní ṣúgà rárá, gbin bakitéríà rẹ sí gbogbo wọn, kí o máa fi ẹ̀rọ tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ (spectrophotometer) ka bí omi náà ṣe ń rú sí lórí 600 nm. Ibi tó bá ti dàgbà dáadáa, kó RNA rẹ̀, ẹ̀dà tí jíìnì máa ń ṣe nígbà tó bá jí, wò ó bóyá jíìnì yìí ti jí ju ti inú glucose lọ. Bí ó bá dàgbà lórí xylose tí jíìnì rẹ sì ń sùn fọnfọn, ẹlòmíràn ló ń jẹ xylose nínú ilé yẹn.

*

Ọ̀rọ̀ iná àti ẹ̀rọ, tí ẹ ti ń dúró dè.

Iṣẹ́ dehydrogenase rọrùn láti wò torí NADH, ìyẹn NAD tó ti gba háídírójìn, máa ń gba ìmọ́lẹ̀ 340 nm sára, NAD kì í gbà á. Nọ́ńbà tí a fi ń ṣírò ìmọ́lẹ̀ tó ń gbà ni 6,220. Ìyẹn ni pé bí NADH tó wà nínú kúfẹ́ẹ̀tì rẹ, ìgò kékeré tó ń wọ inú ẹ̀rọ yẹn, bá jẹ́ 0.2 mM, ẹ̀rọ yẹ kó ka nǹkan bíi 1.24. Bí ó bá ka 0.7, NADH rẹ ti bàjẹ́ tàbí òṣùwọ̀n rẹ kò tọ́, má tẹ̀síwájú. Pò ó láàárọ̀ ọjọ́ tó o máa lò ó, sórí yìnyín, má sì gbé e sínú omi kíkan.

Ní láàbù tí mo ti ṣiṣẹ́ ní Yábàá, gbogbo ìgbà tí jẹnẹrétọ̀ bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ iná ìjọba ni ìlà orí ẹ̀rọ máa ń fò. Ẹni tí kò bá mọ̀ á máa yọ̀ pé ẹ́ńsáìmù ti jí. UPS kékeré ni kí o fi sí ìdí ẹ̀rọ náà. Jẹ́ kí gílóòbù inú rẹ̀ gbóná fún ìdajì wákàtí kí o tó ka ohunkóhun. Ka kúfẹ́ẹ̀tì tí kò ní ṣúgà, ka èyí tí kò ní ẹ́ńsáìmù. Bí ìlà bá ti ń gòkè kí o tó da ṣúgà sí i, nǹkan mìíràn ló ń jẹun níbẹ̀.

Bùrọ̀dá kan tó kọ̀wé láti Ṣómólú ní òun máa ń se díẹ̀ lára ẹ́ńsáìmù kó kú, kí òun fi ṣe àfiwé, pé ìyẹn ti tó. Ẹ jọ̀ọ́, bùrọ̀dá, kò tó. Bí ẹ bá sè é, tiyín kú, àlejò tó bá a wọlé náà kú, ẹ ò ní mọ èwo nínú wọn ló ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Àlejò sì wà dájúdájú. Inú E. coli la ti ń pèsè purotéènì wọ̀nyí, a ó fi ìrù histidine sí i nídìí, nickel á fi ìrù yẹn gbá a mú. SlyD àti ArnA, purotéènì tí E. coli ní tirẹ̀, máa ń lẹ̀ mọ́ nickel láìní ìrù kankan. ArnA sì ń lo NAD! Ṣé ẹ rí wàhálà?

Ohun tó dára jù ni kí ẹ yí amino acid kan padà, ọ̀kan nínú àwọn ẹyọ tí a fi kọ́ purotéènì náà, èyí tó ń ṣe iṣẹ́ gan-an. Bí ó bá jẹ́ ìdílé SDR (short-chain dehydrogenase/reductase), tyrosine kan wà níbẹ̀ tí lysine tẹ̀lé e lẹ́yìn àyè mẹ́ta. Ẹ sọ tyrosine yẹn di phenylalanine. Ẹ pèsè rẹ̀ bí ẹ ṣe pèsè ti àkọ́kọ́, nínú E. coli kan náà, lórí nickel kan náà, lọ́jọ́ kan náà. Bí ti àkọ́kọ́ bá ṣiṣẹ́ tí èyí dákẹ́, àlejò kọ́. Bí àwọn méjèèjì bá ń ṣiṣẹ́, ẹ bá mi kí ArnA.

Ohun kan ṣì kù lórí èyí. Bí ẹ́ńsáìmù bá ní àfi kí ṣúgà pọ̀ tó 100 mM kí òun tó mira, ẹ má kánjú pe ìyẹn ní iṣẹ́ rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ó kàn máa gba ohun tó jọ oúnjẹ rẹ̀ gidi.

*

Ẹnì kan ní Bárígà sọ pé òun yọ jíìnì òun, bakitéríà kò sì lè jẹ ṣúgà náà mọ́, pé òun ti jáwé olúborí. Mo kí i kú oríire, ṣùgbọ́n mo ní ìbéèrè kan: ṣé ó dá a padà?

Àwọn jíìnì tó ń gba ẹnu ọ̀nà kan jí, bí o bá fọ́ èyí tó wà níwájú, èyí tó wà lẹ́yìn lè má jí mọ́. O rò pé dehydrogenase lo yọ, àṣé o ti pa aldolase mọ́ ọn. Nítorí náà, fi jíìnì náà sórí plasmid, òrùka DNA kékeré tí bakitéríà lè gbé, dá a padà sínú sẹ́ẹ̀lì tó o ti yọ ọ́, wò ó bóyá á tún jẹun. Lẹ́yìn náà, dá èyí tó o ti yí tyrosine rẹ̀ padà sí i. Bí ojúlówó bá gba sẹ́ẹ̀lì là tí èyí kò sì gbà á là, ẹnu á pa mọ́ ẹni tó bá fẹ́ jiyàn.

Àwọn tó ń ṣe E. coli ní ìrọ̀rùn: Datsenko àti Wanner ti tẹ ọ̀nà yíyọ jíìnì jáde ní 2000, àwọn ará Keio sì ti yọ jíìnì 3,985 lọ́kọ̀ọ̀kan ní 2006, kí o sáà béèrè. Bakitéríà tí a gbé láti inú ẹrẹ̀ Oko Bàbá lè má gba DNA wọlé rárá, ìyẹn lè jẹ ọdún kan lára Masters rẹ. Bí ó bá kọ̀, kó gbogbo àdúgbò jíìnì náà pátá sínú E. coli tí kò lè jẹ ṣúgà yẹn, wò ó bóyá á bẹ̀rẹ̀ sí jẹ ẹ́, kí o sì wá máa yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan níbẹ̀.

Bí o bá yọ ọ́ tí kò sí ohun tó yí padà ńkọ́? Wo inú jínóòmù, ó ṣeé ṣe kí jíìnì mìíràn tó jọ ọ́ máa gbà á sílẹ̀.

*

Ìyá kan béèrè pé bí bakitéríà inú ìfun bá ń jẹ ṣúgà onímí ọjọ́ inú ewé, ṣé kí a yé jẹ ẹ̀fọ́? Mà, ẹ jẹ ẹ̀fọ́ yín. Lóòótọ́, iṣẹ́ kan jáde ní 2021 tó fi hàn pé bakitéríà méjì nínú ìfun ènìyàn lè jọ pín in jẹ, tí hydrogen sulfide sì ń jáde, èyí tó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Díẹ̀ ni. Ẹ̀wà ń ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ fún yín, ẹ ò sì yé jẹ ẹ́.

Ẹni tó bá sọ pé iṣẹ́ yìí kò ní èrè, kó béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń tọ́jú ikọ́ ẹ̀gbẹ. Láti 1952 ni wọ́n ti ń fi isoniazid wo ikọ́ ẹ̀gbẹ. Ọdún 1992 ni wọ́n tó mọ̀ pé ẹ́ńsáìmù bakitéríà náà fúnra rẹ̀, KatG, ló ń sọ oògùn yẹn di ohun tó ń pa á, pé bí KatG bá bàjẹ́, oògùn kò ní ran bakitéríà náà mọ́. Fún ogójì ọdún ni a fi ń lo oògùn tí a kò mọ ẹni tó ń tan iná rẹ̀.

*

Àbúrò, ní ti ọ̀gá rẹ. Má lọ bá a jiyàn níwájú àwọn ọmọ láàbù. Wọlé tọ̀ ọ́ nígbà tí ara rẹ̀ bá balẹ̀, kúnlẹ̀ tàbí kí o dọ̀bálẹ̀ bí ilé yín ṣe ń ṣe é, gbé àwòrán àdúgbò jíìnì náà síwájú rẹ̀, kó fi ojú ara rẹ̀ rí kinase àti aldolase yẹn. Ọ̀gá tó bá ti rí ìwé ìwádìí tó lè jáde nínú nǹkan kì í sábà sọ pé kí o máa lọ mọ́.

Bó bá fún ọ lówó, ra jíìnì tí wọ́n ti ṣe ní gbígbẹ àti primer gbígbẹ (ègé DNA kúkúrú tí a fi ń ṣe ẹ̀dà jíìnì), àwọn yẹn kò nílò yìnyín lójú ọ̀nà. Ẹ́ńsáìmù tí a fi ń gé DNA ni kí o má rà lọ́wọ́ ẹni tí kò lè sọ ọjọ́ tí ẹrù rẹ̀ ń dé; a ti gba páálí tí yìnyín inú rẹ̀ ti di omi gbígbóná rí, ẹni tó tà á kò sì gbé ìpè wa mọ́.

Bó bá ní àkókò kò sí, bẹ̀ ẹ́ fún ìdánwò ṣúgà nìkan, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ló máa gbà. Kí o wá kọ sínú ìwé pé: jíìnì yìí jọ ti ìdílé dehydrogenase, ó wà láàárín kinase, aldolase àti agbénǹkanwọlé, bakitéríà yìí ń dàgbà lórí ṣúgà báyìí, jíìnì náà sì ń jí nígbà tó bá ń jẹ ẹ́, a kò tíì pèsè ẹ́ńsáìmù náà, a kò sì tíì yọ ọ́ wò. Galactitol ni kí o kọ́kọ́ wá, òun ló máa ń ṣòro jù láti rí rà.